Omi Ẹsẹ̀ Mi Tí Mọ́tò Mu

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kìíní 2025

Ìwé yìí wà lára ohun tí wọ́n fún wa níbi ìgbéyàwó. Akínlolú ọkọ mi ní kí n máa fi kọ orúkọ àwọn tí mo bá ránṣọ fún, ṣùgbọ́n mi ò tíì ní oníbàárà kankan ní Oǹdó, nítorí náà tinú mi ni màá máa sọ síbẹ̀. Ìwé kì í wo èèyàn lójú. Lẹ́nu, "ẹ" ni mo ń pe ọkọ mi. Nínú ìwé yìí "ó" ni màá máa pè é, ó kàn dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ ni.

Ojú ń tì mí látọjọ́ Àbámẹ́ta. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Mọ́tò akẹ́rù ọkọ mi ló gbé mi láti Ìta-Ògbólú wá sílé rẹ̀. Mọ́tò tuntun ni, dísẹ́ẹ̀lì ló ń lò, lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì tó ń tà á ní Àkúrẹ́ ló ti rà á ṣáájú Kérésì. Òun fúnra rẹ̀ ló wà á, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú gèlè, máṣíìnì ìránṣọ mi àti bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́yìn, àwọn àbúrò mi jókòó lé ẹrù, wọ́n ń kọrin. A kọjá Àkúrẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. A dé Ọwẹ̀nà, iná pupa kan tàn níwájú rẹ̀, èéfín bo iwájú mọ́tò, ó kú. Gbogbo àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà wá wo ìyàwó. Obìnrin kan bi mí bóyá màá ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí mo ṣe jókòó náà.

Akínlolú ń bomi sí i, a ń dúró, a ń lọ, títí a fi dé Oǹdó nírọ̀lẹ́. Àwọn obìnrin ilé ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ omi tí wọ́n fẹ́ fi wẹ ẹsẹ̀ mi kí n tó wọlé. Mi ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tí mọ́tò tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Akínlolú fò sílẹ̀, ó gba abọ́ lọ́wọ́ Àǹtí Bímbọ́lá tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi àkísà ṣí ìdérí rédíétọ̀, ó sì da gbogbo omi náà sí i. Kò ronú rárá. Mọ́tò mu ún tán, ó dákẹ́.

Kí wọ́n tó lọ fa omi mìíràn, àwọn èrò ti ń tì mí látẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọlé. Ẹsẹ̀ mi gbẹ, eruku ọyẹ́ sì wà lára rẹ̀. Àǹtí Bímbọ́lá ń wo ẹsẹ̀ mi títí mo fi dé yàrá.

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Kìíní

Akínlolú gbé mọ́tò lọ sí kọ́ńpìnnì ní Àkúrẹ́. Họ́ọ̀sì kan ló tú, wọ́n dì í. Wọn ò gba kọ́bọ̀, nítorí wọ́n ti ṣèlérí pé títí ọdún yóò fi yípo, ohun tó bá bàjẹ́ lára rẹ̀ àwọn á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ ọwọ́ ẹni tó ni ín ló bà á jẹ́. Inú mi dùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Nínú ilé ìdáná lọ́sàn-án ni mo gbọ́ tí Àǹtí Bímbọ́lá ń sọ pé mọ́tò tí kò ṣe nǹkan kan rí, ọjọ́ tí ìyàwó wọ̀ ọ́ ló kú. Wọn ò wò mí nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Ata tí wọ́n ń lọ̀ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi, 26 Oṣù Kìíní

A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá, ìyá ọkọ mi, ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá níbẹ̀. Tọmọdé tàgbà ló ń pè wọ́n ní Màmá Agnes, kò sì sí ẹni tó ń jókòó sórí àga wọn kódà bí wọn ò bá wá. Wọ́n mú mi yíká láti fi mí han àwọn ẹgbẹ́ wọn. Obìnrin kan béèrè, "Ṣé òun ni ìyàwó tí mọ́tò mu omi rẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó, mo fa ẹsẹ̀ mi méjèèjì sábẹ́ àga.

Màmá rí i. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn ò fi í sílẹ̀ títí ìwàásù fi parí.

Ọjọ́bọ̀, 30 Oṣù Kìíní

Ọyẹ́ mú gan-an, ètè mi là. Gárì tún ti gbówó lórí. Mo pe iṣu ní "usu" bí a ṣe ń pè é nílé wa, wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi jẹun tán. Akínlolú kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Ìjù lọ sí Àkúrẹ́ láìsí wàhálà. Mo dúpẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì

Mo rí ohun kan láàárọ̀ yìí tó mú orí mi wú. Mo jáde láti gbálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo sì rí Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Wọ́n ti mú kọ́kọ́rọ́ níbi tí wọ́n máa ń gbé e kọ́ sí ní pálọ̀, wọ́n ṣí ìdérí táńkì, wọ́n fi àrọ sí i, wọ́n ń da nǹkan sínú rẹ̀ láti inú kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò kékeré kan. Wọ́n ń ra dísẹ́ẹ̀lì sí mọ́tò ọmọ wọn láìjẹ́ kó mọ̀. Irú ìyá wo rèé! Mo yára padà sẹ́yìn ògiri kí wọ́n má baà mọ̀ pé mo rí wọn. Bí èèyàn bá ń ṣe oore ní ìkọ̀kọ̀, kò yẹ ká dójú tì í.

Mi ò ní sọ fún Akínlolú.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kejì

Mọ́tò ti kú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ipogun ni Akínlolú ti lọ kó iṣu àwọn obìnrin kan. Ó ní ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń fà bí ẹni tí ikọ́ mú, èéfín funfun ń tú jáde, ó sì takú sójú ọ̀nà. Àwọn oníṣu bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lé e lórí. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọkọ ìyàwó ni, ọ̀kan ní kó lọ sùn díẹ̀ nílé, bóyá mọ́tò náà á rí ìsinmi. Ó sọ ọ́ fún wa pẹ̀lú ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Okùn ni wọ́n fi fà á dé Àkúrẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kejì

Wọ́n ní dísẹ́ẹ̀lì tí Akínlolú rà ni kò dára, omi wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá Reuben, olórí àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe ní kọ́ńpìnnì náà, ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fa táńkì gbẹ, wọ́n sì ti pààrọ̀ fíltà. Wọ́n bi í léèrè ibi tó ti ń rà á.

Ọ̀dọ̀ Fọlárìn ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ ló ti ń ta dísẹ́ẹ̀lì nínú dúrọ́ọ̀mù, òun ló sì dúró tì í lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Akínlolú dúró síbẹ̀ nígbà tó ń bọ̀. Fọlárìn fi ọmọ rẹ̀ búra. Wọ́n jọ mu mínírà, àmọ́ Akínlolú ní mínírà náà ò dùn lọ́nà ọ̀fun òun.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kejì

Mọ́tò ti dé! Ó ń dún dáadáa. Akínlolú ní kí n wọlé ká jọ yí ìlú ká. Mo ní mò ń ránṣọ. Òótọ́ ni pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Sherifat gbé aṣọ ilé ìwé ọmọ rẹ̀ wá fún mi, òun ni oníbàárà mi àkọ́kọ́, mo sì ti gé e. Ṣùgbọ́n irọ́ ni mo pa. Mo bẹ̀rù láti gbé ẹsẹ̀ sínú mọ́tò náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kejì

Bọ́lọ́rundúró ni mọ́tò kú sí lónìí. Ohun kan náà, gbígbọ̀n, èéfín, ó dákẹ́. Àwọn tó ni ẹrù gbé e sínú mọ́tò ẹlòmíràn lójú Akínlolú.

Àná náà ni mo tún rí Màmá pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò láàárọ̀ kùtùkùtù, tí wọ́n ń ṣe oore wọn. Oore yẹn náà ti wọmi.

Àǹtí Bímbọ́lá ò bá ata sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ni wọ́n kọjú sí. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ní Ìta-Ògbólú yín, ṣé wọ́n wẹ ẹsẹ̀ ìyá tìẹ nígbà tó wọlé, àbí bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo yín ṣe ń wọlé?" Mo ní wọ́n wẹ̀ ẹ́, mà.

Lọ́sàn-án nígbà tí ilé dá, mo lọ sídìí kànga, mo fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ ẹsẹ̀ mi. Mo fọ̀ ọ́ títí ó fi ń ta mí. Adìyẹ ilé dúró, ó ń wò mí. Nígbà tí mo ṣe tán, mo rí i pé ìwà òmùgọ̀ ni, nítorí kò sí ẹni tó ń wẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé ọkọ.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Mo ti rí i. Mo ti mọ̀ ọ́n. Ìbá sàn kí n má mọ̀.

Akínlolú ń lọ wo mọ́tò ní Àkúrẹ́, ó ní kí n tẹ̀ lé òun kí n lè kí ìyá mi lẹ́yìn náà. Ilé kọ́ńpìnnì yẹn mọ́ bí inú abọ́. Ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, ó tutù bíi pé òjò ń rọ̀ nínú ilé. Mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Ẹ máa wọ bàtà yín bọ̀, Mà." Mo padà lọ wọ̀ ọ́. Àní ní Àkúrẹ́ náà, ẹsẹ̀ mi ni wọ́n kọ́kọ́ rí.

Ọ̀gá Reuben gbé ìgò kan wá tí a lè rí inú rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ pín sí méjì. Dísẹ́ẹ̀lì wà lókè, ó pọ́n díẹ̀. Nísàlẹ̀, omi, ó mọ́ gaara. Ó ní inú táńkì wa ni òun ti fà á. Ó ní omi yẹn ti ba nọ́súlù jẹ́, ìyẹn ohun tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnì, ìlérí kọ́ńpìnnì ò sì kan irú ìyẹn. Akínlolú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó sì rọra sọ pé, "Ọ̀gá, èyí kì í ṣe omi tó yọ́ wọ dísẹ́ẹ̀lì. Ẹnì kan ló ń dà á sí i, kò sì jìnnà sí yín."

Akínlolú ní, "Fọlárìn."

Èmi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò ni mò ń rí. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, ó bi mí bóyá mo ti lóyún, nítorí ojú mi ò dára. Mo ní rárá.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta

Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Màmá gbààwẹ̀. Mo lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá wọn láàárọ̀, mo tún lọ lọ́sàn-án. Nígbà kejì, wọ́n béèrè ohun tí mo fẹ́. Mo ní mo fẹ́ mọ ohun tí wọn óò fi ṣínu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta

A ń ṣa ẹ̀wà, èmi àti Màmá nìkan. Àǹtí Bímbọ́lá ti lọ sí ọjà. Mo ṣa òkúta tó wà lápá ọ̀dọ̀ mi tán, mo tún ń ṣa ibi tí kò sí òkúta. Níkẹyìn mo ní, "Màmá, wọ́n fi ìgò kan hàn wá ní Àkúrẹ́. Dísẹ́ẹ̀lì wà lókè, omi wà nísàlẹ̀."

Ọwọ́ wọn dúró nínú ẹ̀wà. Wọn ò béèrè ìgò kí ni. Wọ́n wò mí, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀ pé mo mọ̀.

"Omi àdúrà ni," ni wọ́n wí. "Kì í ṣe omi lásán."

Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹ́ńjìnì ò mọ ìyàtọ̀, Mà."

Wọ́n wá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, orí ẹ̀wà ni wọ́n kọjú sí. Lẹ́yìn ọjọ́ tí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ sọ́dọ̀ wòlíì aláṣọ funfun kan lẹ́yìn ìlú. Wòlíì náà gbàdúrà sí omi, ó ní kí wọ́n wọ́n ọn sí táyà mọ́tò. Màmá gbé e délé, wọ́n sì rò ó wò. Inú mọ́tò ni omi ẹsẹ̀ mi wọ̀, kì í ṣe ara táyà. Inú náà ló yẹ kí èyí gbà, kó lè bá a níbẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé ibi tí Akínlolú da omi sí lọ́jọ́ ìgbéyàwó yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ń da dísẹ́ẹ̀lì sí. Gbogbo ihò ara mọ́tò, ibi kan náà ni lójú wọn. Ìgbà tí mọ́tò sì tún kú, wọ́n rò pé èyí tí wọ́n dà kò tó ni, wọ́n tún lọ bu sí i.

"Nítorí tìẹ ni," ni wọ́n wí. "Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún dárúkọ ẹsẹ̀ rẹ nínú ilé yìí."

Gbogbo àkókò tí mò ń rò pé kò sí ẹni tó rí mi, Màmá ti rí mi.

Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àwọn gan-an ti dúró níwájú ẹgbẹ́ àwọn ìyá rí, tí àwọn bá ẹnì kan wí pé ó ń lọ sọ́dọ̀ aláṣọ funfun. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, ibo ni àwọn fẹ́ gbé ojú sí? Mo ṣèlérí. A jọ bọ́ sídìí ẹ̀wà wa padà, ó sì jẹ́ pé èmi gan-an ni mo gbàgbé òkúta sínú rẹ̀, tí Akínlolú gé e jẹ nírọ̀lẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹta

Àwọn tó ń ta dísẹ́ẹ̀lì ní Oǹdó ní ẹgbẹ́. Akínlolú ti bá alága wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ní kó wá sọ ẹjọ́ rẹ̀ lónìí. Bó bá dá wọn lójú pé Fọlárìn ń po omi mọ́ dísẹ́ẹ̀lì, wọn ò ní jẹ́ kó tà mọ́. Akínlolú ti wọ bàtà. Mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò tíì dúró níwájú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ní, "Ẹ má lọ. Kì í ṣe Fọlárìn."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Mi ò dáhùn.

"Ṣìkẹ́mi, ta ni?"

Mo mọ̀ pé Màmá ń gbọ́ wa láti inú yàrá, nítorí rédíò wọn ti dákẹ́. Mo wo ilẹ̀.

Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ṣé ìwọ ni?"

Mi ò ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹsẹ̀ mi ni mò ń wò. Ó gba ìyẹn gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Kò lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ wọn. Ó kéré tán, Fọlárìn ṣì ń ta ọjà rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta

Kò jẹ oúnjẹ mi. Búrẹ́dì ló rà níta. Ó ti sọ fún Àǹtí Bímbọ́lá.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹta

Mo di ẹrù mi. Mo tú u. Mo tún dì í. Ooru mú bíi pé òjò fẹ́ rọ̀, kò rọ̀. Màmá ò lè wo ojú mi, èmi náà ò lè wo tiwọn. Nígbà tí a bá pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwa méjèèjì á ya sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, a ó sì ha síbẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi, 16 Oṣù Kẹta

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

A dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Adébùsóyè, àbúrò bàbá Akínlolú, sì ti ń dúró dè wá ní pálọ̀. Àǹtí Bímbọ́lá ló pè wọ́n. Mo kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kí n kúnlẹ̀. Bàbá bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ohun tí mo dà sínú mọ́tò ọkọ mi, àti ẹni tó rán mi. Mi ò sọ̀rọ̀. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Àǹtí Bímbọ́lá ní ohun tó burú ju omi lọ ló wà lọ́kàn ẹni tí kò lè dáhùn àgbà, wọ́n ní kí n lọ sinmi díẹ̀ ní Ìta-Ògbólú, kí àwọn ará ilé wa sì wá gbọ́ ohun tí àwọn ní í sọ. Akínlolú di orí mú. Kò sọ pé kí n lọ, kò sọ pé kí n má lọ.

Màmá dìde, wọ́n jáde. Mo rò pé wọn ò fẹ́ rí i ni. Mi ò bínú sí wọn. Èmi ni mo ṣèlérí.

Wọ́n padà wọlé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò náà lọ́wọ́. Aṣọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá ṣì wà lọ́rùn wọn, wọn ò tíì bọ́ ọ. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì lé orí tábìlì àárín pálọ̀, lórí aṣọ tábìlì funfun, wọ́n sì wà lóòró.

"Èmi ni," ni wọ́n wí. "Ọ̀dọ̀ wòlíì ni mo ti gbé e wá. Èmi ni mo ń dà á sí i. Ọmọ yìí rí mi, mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ, kò sì sọ. Ẹ jẹ́ kó dìde."

Àǹtí Bímbọ́lá ní, "Màmá, ẹ̀yin?"

"Èmi. Bímbọ́lá, ẹnu ìwọ ló rán mi lọ. Bí o bá dákẹ́ lórí ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe lọ́dọ̀ wòlíì?"

Bàbá Adébùsóyè ṣí ìdérí kẹ́ẹ̀gì, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n dé e padà. Wọ́n ní, "Agnes, o gbàdúrà fún mọ́tò tí kò lè ṣe àmín." Wọ́n gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, ikọ́ ló jáde. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dìde lórí orúnkún mi.

Akínlolú ti jáde. Mo bá a níta, ó jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mọ́tò máa ń dúró sí. Kò gbé ojú sókè. Ó bi mí ìdí tí mo fi jẹ́ kí òun máa ro irú ìrò bẹ́ẹ̀ sí mi. Mo ní, "Màmá ló kọ́kọ́ di ọwọ́ mi mú nínú ilé yìí." Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá oúnjẹ ṣì wà nínú ìkòkò.

Ó jẹun tán, ó lọ sọ́dọ̀ Fọlárìn. Ó ní Fọlárìn jẹ́ kí òun dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ́ kó tó fún òun ní àga. Ó ní ó tọ́ sí òun.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹta

Màmá ní àwọn fúnra wọn ló máa sọ ọ́ fún kọ́ńpìnnì, kí wọ́n má baà rò pé ọmọ àwọn ń purọ́. Àwa mẹ́ta la lọ. Nígbà tí a dé ẹnu ilẹ̀kùn, tí Màmá rí bí ilẹ̀ ṣe ń dán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń bọ́ bàtà. Mo sáré di apá wọn mú. Mo ní, "Màmá, ẹ fi sẹ́sẹ̀." Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ wò wá, èmi náà wò ó. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò wo ilẹ̀.

Ọ̀gá Reuben gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́dún tó kọjá, òróró àdúrà ni ẹnì kan dà sínú táńkì tirẹ̀, ó tún ń ṣiyèméjì bóyá ó pọ̀ tó. Nọ́súlù, a ó san án fúnra wa. Ìyókù, wọ́n á ṣe é, wọ́n sì máa pa ìlérí wọn mọ́ títí ọdún yóò fi yípo bí omi kò bá wọ̀ ọ́ mọ́. Màmá ní àwọn ló máa san ti nọ́súlù, kò sẹ́ni tó bá wọn jiyàn.

Ọjọ́ Ìsinmi, 23 Oṣù Kẹta

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú wa. Mi ò mọ ẹni tó gbé e lọ. Bí Màmá ṣe ń wọlé, àwọn obìnrin ń sọ̀rọ̀ sí ara wọn létí, ẹnì kan sì ti jókòó sórí àga wọn. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n wá bá mi jókòó lẹ́yìn, níbi tí àwọn ìyàwó tuntun máa ń jókòó sí. Mo rí i tí wọ́n ń fa ẹsẹ̀ wọn sábẹ́ àga.

Mo di ọwọ́ wọn mú. Mi ò fi í sílẹ̀ títí ìwàásù fi parí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kẹta

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lánàá, eruku ti wálẹ̀. Akínlolú lọ gba mọ́tò, ó ní kí n tẹ̀ lé òun, mo sì tẹ̀ lé e. Ọ̀gá Reuben tan ẹ́ńjìnì rẹ̀ fún wa gbọ́. Kò gbọ̀n, kò ṣe èéfín. Nígbà tí mo fẹ́ wọlé, mo dúró díẹ̀ kí n tó gbé ẹsẹ̀ sí i. Akínlolú rí mi, ó di ẹni tó ń nu gíláàsì tí kò ní ìdọ̀tí.

A dé Ọwẹ̀nà. Ó rọra dúró lẹ́bàá ọ̀nà, òun ló dá a dúró, mọ́tò ò kú. Obìnrin ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ọjọ́ kìíní dá mi mọ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé o ti ráyè rà á báyìí?" Mo rà á, ó sì fi èènì sí i fún ọkọ mi.

Bí a ṣe wọ iwájú ilé, Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà. Abọ́ omi wà nílẹ̀ níwájú wọn. Àǹtí Bímbọ́lá dúró tì wọ́n, táwẹ́ẹ̀lì wà léjìká wọn, ojú wọn wà lọ́nà ibòmíràn. Kò sí èrò, kò sí orin. Akínlolú sọ̀ kalẹ̀, ó ń bọ̀.

Màmá ní, "Akínlolú, dúró ti mọ́tò rẹ. Má sún mọ́ omi yìí."

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúró síbẹ̀.

Mo bọ́ bàtà mi. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ dá wọn dúró, nítorí ìyá bíi tiwọn kọ́ ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ fún mi, wọ́n sì ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Mo rọra bi wọ́n irú omi wo ni. "Omi kànga," ni wọ́n wí. "Omi kànga lásán." Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn bù ú sí ẹsẹ̀ mi, wọ́n fọ àárín ọmọ ìka, wọ́n fọ gìgísẹ̀. Ó tutù.

Àǹtí Bímbọ́lá bẹ̀rẹ̀, wọ́n nu ẹsẹ̀ òsì mi. Wọn ò ní kí n má bínú. Wọ́n nu ún dáadáa, wọ́n wá gbé táwẹ́ẹ̀lì lé mi lọ́wọ́ pé kí n nu èyí tó kù fúnra mi, wọ́n sì wọlé lọ wo ọbẹ̀ wọn.

Mi ò nu ún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi tutù bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọlé, ó ń tẹ àmì sára sìmẹ́ńtì láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wo àwọn àmì náà bí wọ́n ṣe ń gbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan.